Orí Ìyàwó Àfáà

Bí ohùn mi bá lọ sókè bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bá mi wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì. Èmi ni olóòtú ojú ìwé aṣọ àti ìmúra fún ìwé ìròyìn kan ní Minna, bébà tó ń jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni olóòtú, èmi ni akọ̀ròyìn, èmi ni mò ń ya fọ́tò, èmi náà ni mo tún ń gbálẹ̀ ibi tí tábìlì mi wà. Lójú ìwé tèmi yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí obìnrin kankan tó lórí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọrùn ni fọ́tò wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Èjìká wà, àyà wà, ọwọ́ wà, ìró wà, bàtà wà, orí ò sí. Àwọn ọkùnrin lórí tiwọn o, wọ́n tún dé fìlà lé e.

Èmi kọ́ ni mo gé wọn. Ọ̀gá wa ló ní kí wọ́n máa gé wọn, nítorí ọkùnrin kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ara wọn rí.

Minna ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ìkòkò àti abọ́ ni wọ́n ń tà, Onítẹ̀bọmi sì ni wá látòkèdélẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ àwọn tó jókòó níwájú wa ni èmi máa ń kà ní tèmi. Mo mọ ẹni tó tú aṣọ ọdún tó kọjá rán, mo mọ ẹni tí télọ̀ já kulẹ̀. Ìyá mi á gbá mi létí, màá yíjú sí pásítọ̀ díẹ̀, màá tún padà sídìí aṣọ mi.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ ìwé ìròyìn, ìròyìn kóòtù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Mo ṣe é tó ọjọ́ mẹ́ta, mo wá lọ bá ọ̀gá wa, mo ní kó fún mi lójú ìwé kan kí n máa kọ nípa aṣọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ kẹ̀? Ta ló ń ṣoge ní Minna? Bó o bá fẹ́ rí oge, wọkọ̀ Èkó." Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni o, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ìlú tí Núpé, Gbagyi, Hausa àti àwa Yorùbá ti ń fara kanra lójoojúmọ́, tí oníkálukú ní bó ṣe ń wé, tó ní bó ṣe ń ró, tó ní bó ṣe ń ju aṣọ sí èjìká! Háabà! Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ dúró ní àdúgbò Nassarawa níbí bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kó wá sọ níbẹ̀ pé kò sóge ní Minna. Kò bá mi lọ, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ìdajì ojú ìwé kan, lábẹ́ ìpolówó sìmẹ́ńtì. Ìdajì yẹn ni mo fi agídí sọ di odindi.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ náà kò le. N kì í jí fọ́tò èèyàn yà. Màá kọ́kọ́ kí i. Bó bá jẹ́ Hausa ni, màá kí i ní Hausa, bó bá jẹ́ tiwa ni, màá kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. Màá ní, aṣọ yín wù mí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín sínú bébà? Bó bá ní rárá, ó parí, màá ní ẹ ṣé. Bó bá gbà, màá gbé kámẹ́rà sọ̀ kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, torí n kò tíì rí obìnrin tí kì í fọwọ́ kan ìbòrí rẹ̀ kí wọ́n tó yà á. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè ẹni tó rán an, màá kọ orúkọ télọ̀ sábẹ́ fọ́tò. Àwọn télọ̀ ọjà Kure fẹ́ràn mi bí ẹyin ojú wọn. Wọ́n á gé ojú ìwé mi, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè máa tọ́ka sí sítáì tó bá wù ú.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Nassarawa ni mo ti rí ìyá kan, ará Ìlọrin. Wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí télọ̀ gé ọrùn rẹ̀ bí ewé, tó sì fi àrán dúdú tẹ́ etí ọrùn náà yí ká. Ìbòrí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lórí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo bèèrè. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé gbogbo Minna ló máa rí i?"

"Gbogbo Minna, mà. Títí dé Bosso."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún ìbòrí wọn sẹ́yìn díẹ̀ kí ojú wọn lè hàn. "Ó dáa, yà á. Àwọn ará ilé wa ní Ìlọrin ń sọ pé ọkọ mi kì í raṣọ fún mi. Kí wọ́n wá wò ó." Wọ́n dúró ṣinṣin, ẹ̀rín yẹn ò sì kúrò lójú wọn títí mo fi yà wọ́n tán. Fọ́tò yẹn ló wà láàárín ojú ìwé mi lọ́sẹ̀ náà, tòun ti àwọn obìnrin mìíràn lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wà ní Bosso níbi tí mo ti ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Mẹ́gáàdì wa ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi fún mi. Ó ní Àfáà kan dé, ó wé láwàní, ó mú ọ̀pá dání, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé títì. Ó ń sọ pé, "Ọ̀gá yín dà? Àwọn tó ya ìyàwó mi sínú bébà dà?" Ọ̀gá wa yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì òkè, ó rí láwàní, ó rí ọ̀pá, ó gbọ́ ohùn. Kò sọ̀kalẹ̀ wá. Kò rán ẹnikẹ́ni pé kó bi bàbá náà ní ohun tó fẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó lọ! Àgbàlagbà tó láya, tó lọ́mọ, tó jẹ́ díákónì! Bàbá náà padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Kò tún wá mọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn, ọ̀gá ti fi fóònù pàṣẹ láti ibi tó sá sí. Kí wọ́n kó gbogbo bébà ọ̀sẹ̀ náà tó ṣẹ́ kù kúrò nílẹ̀, kí wọ́n kó o fún àwọn oníkòsé tó ń din àkàrà létí títì kí wọ́n fi máa pọ́n ọn. Kí wọ́n ya ojú ìwé mi kúrò nínú èyí tí wọ́n tọ́jú sí ọ́fíìsì. Kí wọ́n pa gbogbo fọ́tò ojú ìwé náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gba káàdì kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo fi délé iṣẹ́, wọ́n ti ṣe ìyókù tán, káàdì nìkan ni wọ́n ń dúró gbà lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá a nígbà tó padà wá. Mo ní, "Ọ̀gá, Àfáà wo ni? Ìyàwó ta ni?" Obìnrin Mùsùlùmí tó wà lójú ìwé náà kì í ṣe ẹyọ kan.

Ó ní, "Ṣé kí n dúró kó fọ́ mi lórí kí n tó bi í léèrè orúkọ rẹ̀ ni?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá bàbá náà lọ. Bí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin."

"O ò ní lọ síbì kankan. O fẹ́ kí wọ́n wá dáná sun ọ́fíìsì yìí mọ́ wa lórí?"

Mo wò ó. Ọkùnrin tí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò rẹ̀ ń gbé ẹran iléyá wá fún lọ́dọọdún, tó ń jẹ ẹ́, tó ń lá ọwọ́! Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí orí obìnrin mọ́ lójú ìwé mi, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, ì báà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní a ṣe ojúsàájú. Ó ní aṣọ là ń kọ̀wé nípa rẹ̀, kì í ṣe ojú. Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní bí n kò bá fẹ́, ìròyìn kóòtù ṣì wà níbẹ̀. Mo jáde, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún ìbínú títí imú mi fi dí.

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ orí gígé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí orí jẹ́ sí wa. Ẹ wo obìnrin tó jí, tó wẹ̀, tó wé gèlè títí apá rẹ̀ fi ro ó, tó ra bébà lọ́jọ́ Jímọ̀ kó lè fi ara rẹ̀ han ọ̀rẹ́, tó wá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí. Ọ̀kan wá bá mi ní ọjà, ó ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?" Òmíràn rí mi lókèèrè tòun ti kámẹ́rà, ó fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ní, "Orí mi kọ̀ ọ́!" ó sì wọ kẹ̀kẹ́. Wọ́n fún mi lórúkọ ìnagijẹ. Àǹtí Abẹ́rí! Níbi tí mo ti ń yàwòrán fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ para mọ́ o, Abẹ́rí ti dé." Wọ́n ń fi mí ṣeré ni, ṣùgbọ́n bí mo bá délé, n kì í lè jẹun.

Ìyá mi ńkọ́? Àwọn obìnrin ìjọ wa ṣe àjọ̀dún, ìyá mi wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n dúró bí ọba. Mo yà wọ́n. Mo bẹ ọ̀gá, mo ní ìyá mi ni o, kò sí Àfáà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, opó ni wọ́n. Ó ní òfin lòfin ń jẹ́. Nígbà tí bébà jáde, ìyá mi tẹ́ ẹ sórí itan wọn, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo bí ló bẹ́ mi lórí yìí." Wọn ò dá mi lóhùn bí mo ṣe ń kí wọn fún odindi ọ̀sẹ̀.

Ẹ ó sì máa bi mí pé kí ló dé tí n kò kúrò. Kí n kúrò lọ síbo? Bébà mìíràn wo ló tún ní ojú ìwé aṣọ nílùú yìí? Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí mo bá kúrò, sìmẹ́ńtì ni wọ́n máa fi kún un. Lọ́dọọdún ni mò ń wọlé lọ bá ọ̀gá pé kó dá orí àwọn obìnrin padà, lọ́dọọdún ló ń sọ pé ká ṣì máa wò ó ná. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹnì kan wà tí mo tún ń bínú sí ju ọ̀gá lọ: Àfáà tí n kò mọ̀ náà. Mo máa ń dá nìkan bú u bí mo bá ń fọ aṣọ. Mo ní, irú ọkọ wo lèyí, tí ojú ìyàwó ẹ̀ tó hàn nínú bébà di ogun?

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan níwájú ọ́fíìsì. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. "Ẹ ń lẹ́ o! Ta ló ń ya aṣọ sínú bébà níbí?" Bàbá arúgbó kan wọlé, láwàní lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọ̀gá ò sí níbi iṣẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní èmi ni. Bàbá jókòó, wọ́n ní ìyàwó àwọn ti jáde láyé, fídáù ń bọ̀, àwọn ará Ìlọrin á wá. Mo ní, "Ẹ kú àfẹ́kù, bàbá. Ọlọ́run á fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn."

Wọ́n ní, "Àmín. Ẹ yà á sínú bébà nígbà kan. Léèsì aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Mo wá nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá, wọ́n ní ọ̀gá yín ò sí."

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo dìde dúró. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, ṣùgbọ́n n kò kúnlẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lẹ wá bínú pé a ya ìyàwó yín? Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fi ojú mi rí? Nítorí yín ni wọn ò ṣe jẹ́ kí obìnrin kan lórí mọ́ nínú bébà yìí! Nítorí yín ni wọ́n ṣe gé orí ìyá mi!"

Bàbá náà ń wò mí bí ẹni tó ń wo asínwín. "Èmi? Láhàúlà! Èmi tí mo wá ra bébà?"

Wọ́n ní bébà ọ̀sẹ̀ náà ti tán ní gbogbo Nassarawa, àwọn aládùúgbò ti rà á tán torí wọ́n rí ìyàwó Àfáà nínú rẹ̀. Ìyàwó ní àfi kí wọ́n wá ọ̀kan rí, kí àwọn fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ni bàbá bá dìde, wọ́n ní àwọn á lọ sí ilé iṣẹ́ bébà gan-an. "Inú mi ń dùn ni mo ṣe ń ké. Kéú ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà èwe mi, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kò sí bébà, tí ọ̀gá ò sì fẹ́ rí mi, mo ní bóyá àwọn ọlọ́lá nìkan lẹ ń dá lóhùn. Mo lọ sílé lọ sọ fún un pé kò sí. Kò yéé mẹ́nu kàn án títí ó fi kú."

Mo tún jókòó. N kò mọ ibi tí màá gbé ìbínú mi sí mọ́. Gbogbo èébú tí mo ti bú bàbá yìí nídìí abọ́ ìfọṣọ, ó padà wá bá mi, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́dọ̀ mi, ó ré kọjá, ó gun àkàsọ̀ lọ sí yàrá ọ̀gá tí kọ́tìnnì wà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá kó tó dá a.

Bàbá ní fọ́tò ìyàwó wà lórí fóònù àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ojú ti wọlé, egungun ti yọ. "N kò fẹ́ kí àwọn ará Ìlọrin fi ìyẹn rántí ẹ̀. Aṣọ náà wà nílé. Àwọn ọmọ pín ìyókù, mo ní kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún mi. Ojú ẹ̀ nínú aṣọ yẹn ni mò ń wá."

Mo ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ibi tí mo mọ̀ pé fọ́tò náà ṣì lè wà kò ju ẹyọ kan lọ. Bébà tèmi fúnra mi, mo ti fún télọ̀ tó rán aṣọ náà ní Kure, kí wọ́n tó kó ìyókù fún oníkòsé. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ń gbàdúrà lójú ọ̀nà. Télọ̀ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ògiri ṣì wà, fọ́tò wà lórí ògiri! Ẹ̀kọ ló fi lẹ̀ ẹ́, kò ṣeé ṣí. Ìka àwọn oníbàárà tó ń tọ́ka pé "ọrùn yìí ni mo fẹ́" ti nu ọrùn aṣọ náà di funfun, àrán dúdú ò hàn mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyá náà mọ́ kedere. Ẹ̀rín yẹn wà níbẹ̀, àti ìbòrí tí wọ́n sún sẹ́yìn. Télọ̀ béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo ní kó jọ̀ọ́ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, mo fi fóònù mi yà á ní àyàtúnyà.

Nígbà tí bàbá dé lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ fi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n fọwọ́ ti ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Má fi ìyẹn hàn mí. Inú bébà ni ìyàwó mi ti ń wá a, inú bébà ni mo fẹ́ rí i." Mo ní ó dáa. Mo mú bàbá lọ́wọ́, a gun òkè lọ bá ọ̀gá, mo sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa rọ́nà jáde.

Bàbá sọ ohun gbogbo tán pẹ̀lú ohùn kéú yẹn. Mo ń wo ọ̀gá. Mo ń retí kí ojú tì í. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá wò ó, èdè-àìyedè lásán!" Ó ní kí wọ́n lọ ra mínírà tútù wá fún Àfáà.

Mo ní, "Ọ̀gá, orí àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Orí wo?"

"Gbogbo èyí tẹ́ ẹ gé."

Ó ní ká má sọ̀rọ̀ àtijọ́ níwájú àlejò. Mo ní níwájú àlejò yìí gan-an ni màá ti sọ ọ́. Mo ní bí odindi ojú ìwé mi ò bá jẹ́ ti ìyá yìí lọ́jọ́ Jímọ̀, tòun ti orí rẹ̀, tí orí àwọn tó kù ò sì padà sọ́rùn wọn láti ọjọ́ náà lọ, kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a ya ọrùn. Ohùn mi ti ju ti Àfáà lọ. Ọ̀gá wo bàbá, ó wo ọ̀pá, ó ní, "Ó ti yá. Mo gbà. Ṣe é bó o ṣe fẹ́."

Mo ṣe é. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sábẹ́ fọ́tò, mo kọ orúkọ télọ̀. Ọkùnrin tó ń to ojú ìwé wa lórí kọ̀ǹpútà tò ó níṣojú mi lọ́jọ́rú, ìyá náà wà láàárín pẹ̀lú ẹ̀rín wọn, mo sì fọwọ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà náà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó lórí lójú ìwé mi láti ìgbà yẹn. Mo sọ fún ìyá mi nílé pé kí wọ́n máa retí Jímọ̀.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni bébà máa ń dé láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo já okùn ìdì àkọ́kọ́ fúnra mi, mo ṣí i dé ọ̀dọ̀ mi. Léèsì aláwọ̀ ewé. Èjìká. Ọrùn. Lókè ọrùn náà, ìpolówó sìmẹ́ńtì.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kọ̀ǹpútà n kò mọ̀. Mo gbá bébà náà mọ́ tábìlì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó wò ó, ó tún wò ó, ó dìde. "Wàláì, Àǹtí, n ò mọ̀. Ìpolówó dé lálẹ́ àná, ààyè ò gbà á."

"O wá gé e lórí!"

"Bí ààyè bá há, orí obìnrin ni mo máa ń kọ́kọ́ gé. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Wàláì, n ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀."

Ó ń sunkún. Ọ̀gá ò pàṣẹ kankan lọ́tẹ̀ yìí, ó wà nílé rẹ̀ tó ń sùn. Wọ́n ti fi ìbẹ̀rù ẹnì kan kọ́ ọwọ́ wa níṣẹ́ títí ọwọ́ ò fi nílò ọ̀gá mọ́. Mo wá gbọ́ ohùn kan níta tó ń kí mẹ́gáàdì.

Bàbá ti ra tiwọn wá láti títì, ìdì ńlá nínú ọ̀rá, ti gbogbo ará Ìlọrin. Wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan. Wọ́n ní ó yẹ kí èmi àti àwọn jọ ṣí i ni. Mo sáré pé kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti fi itọ́ ra ìka, wọ́n ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n rí aṣọ náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú wọn. Wọ́n gbé bébà súnmọ́ ojú. Wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n wá rọra yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ni ìyókù wà, wọ́n sì gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn wọn wẹ́lẹ́, "orí ẹ̀ dà?"